Ṣé Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Ni Ẹgbẹ́ Gothic Tí Ọmọ Mi Fẹ́ Wọ̀?

Ìyá kan ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́, kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe máásítà nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Àkùngbá ló ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè, International Gothic Association ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìtàn abanilẹ́rù ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wá owó tí òun máa fi forúkọ sílẹ̀. Mo ní kí àbúrò rẹ̀ bá mi wá Gothic yìí wò lórí fóònù. Sàréè ni mo rí, àti àdán, àti àwọn ọmọ òyìnbó tó fi nǹkan dúdú kun ètè àti ojú. Oorun dá lójú mi. Onígbàgbọ́ ni wá nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn nìyí? Bí kì í bá ṣe òun, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣe, kí lòun náà sì máa rí gbà níbẹ̀?"

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn. Ẹ̀rù tó bà yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Kò sí òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì nílẹ̀ yìí tí kì í ta gìrì bó bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fi ojú ọmọ ọlọ́mọ rí. Kí n tètè fi yín lọ́kàn balẹ̀ ká tó jókòó sọ̀rọ̀: ẹgbẹ́ tí ọmọ yín dárúkọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, kò sì bá a tan. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ni. Ṣùgbọ́n pé nǹkan kò burú kò ní kí èèyàn sáré gbówó lé e. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà wà lọ́kàn yín, ẹ kàn fi ọgbọ́n àgbà gbé e sí ìdí lẹ́tà ni. A máa débẹ̀.

Ọdún 1991 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, nígbà tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ṣe àpérò ní Yunifásítì East Anglia, ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Allan Lloyd Smith, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì yẹn, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tó kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ìwé ìwádìí rẹ̀ bá ta yọ. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń gbé jọ́nà tiwọn jáde, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí, Gothic Studies ni wọ́n ń pè é. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Manchester ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́, ti Edinburgh ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ọdún méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe àpérò ńlá, wọn kì í sì í ṣe é sójú kan. Wọ́n ṣe é ní Mẹ́síkò lọ́dún 2017, wọ́n ṣe é ní Dublin lọ́dún 2022. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ní àràmàǹdà kankan nínú, kódà ó máa ń súni nígbà mìíràn. Ẹnì kan á dìde, á ka bébà, ìyẹn ìwádìí tó kọ sílẹ̀, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń darí ìjókòó á máa wo aago, á gbé páálí pélébé kan sókè pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó ń kàwé á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn tó jókòó á da ìbéèrè bò ó, wọ́n á sì lọ mu tíì. Ẹni tó bá ti lọ sí àpérò Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá rí ti rí irú rẹ̀, àfi pé àwọn ti Gothic yìí kì í dá aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ wọn kò sì ní ata.

Ẹ ó sọ pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ilé. Nínú ààfin Déjì àtijọ́ tó wà láàárín ìlú wa, àgbàlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ua Ùbúra. Ìbúra nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, bí wọ́n ṣe ya Ua Ìkómọ sọ́tọ̀ fún ìsọmọlórúkọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìbúra kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ níbikíbi, pé ó máa ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kò lè dúró láìsí ìbúra. Òun ni okùn ọrùn tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́lẹ̀ tí kò fi ní rọ́nà jáde. Ẹgbẹ́ Gothic yìí kò ní ìbúra, kò ní ìmùlẹ̀. Fọ́ọ̀mù lèèyàn ń kún, owó ọdún lèèyàn ń san. Ọdún tí kò bá san mọ́, ó ti jáde nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wá a wá sílé. Orúkọ ààrẹ wọn àti ti akápò wọn wà ní gbangba, pẹ̀lú yunifásítì tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ẹgbẹ́ òkùnkùn wo lẹ ti rí tó ń gbé orúkọ akápò síta?

Àwọn àwòrán tí ẹ rí ló dá gbogbo rúdurùdu yìí sílẹ̀, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ohun tó ń jẹ́ Gothic pọ̀, wọn kò sì jọ ara wọn. Fóònù kò mọ èyí tí ẹ ń wá, ó wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín pa pọ̀. Àwọn Goth gan-an jẹ́ ẹ̀yà kan ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Jagunjagun ni wọ́n. Ọba wọn, Alaric, ló kó ogun wọ Róòmù lọ́dún 410 tó sì kó ìlú náà lẹ́rù. Wọ́n ti lọ, èdè wọn ti kú, ohun tó sì ṣẹ́ kù jù nínú èdè náà ni Bíbélì tí bíṣọ́ọ̀bù wọn, Ulfila, túmọ̀ fún wọn, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún kí Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó túmọ̀ tiwa. Lẹ́yìn tí àwọn Goth ti di ìtàn tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílẹ̀ Faransé, tó ga fíofío, tí fèrèsé rẹ̀ gùn, tí orí fèrèsé náà sì ṣe ṣóńṣó. Ní Saint-Denis lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris ni àrà náà ti kọ́kọ́ hàn kedere, lábẹ́ olórí àwọn mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Suger, ní nǹkan bí ọdún 1144. Àwọn ará Ítálì tó dé lẹ́yìn ló fi ẹ̀gàn pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ àwọn Goth, bí ẹni ń sọ pé iṣẹ́ ará oko. Ẹ̀gàn náà ló wá di orúkọ. Katidírà Áńgílíkà tó wà ní Marina l'Ékòó, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1925 tí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1946, ìdílé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló ti wá. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ gbójú sókè wo fèrèsé. Bí orí rẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó, Gothic lẹ ń jọ́sìn lábẹ́ ẹ̀ láti kékeré.

Àwọn ọmọ tó kun ètè dúdú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ orin àti ìmúra nìyẹn. Láti òpin àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ irú orin kan tó rinlẹ̀ tó sì ro bí orin ọ̀fọ̀, tí wọ́n sì ń wọ dúdú látòkè délẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín: àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí ń ṣe ìwádìí lórí orin àti aṣọ yẹn, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn láti máa wọ dúdú fúnra wọn. Bí ọmọ yín bá wá ra búláùsì dúdú kan sí i, ẹ má pè é ní májẹ̀mú.

Èyí tí ọmọ yín ń kà yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Horace Walpole, ọmọ ẹni tí wọ́n kà sí olórí ìjọba àkọ́kọ́ nílùú wọn. Olówó ni, kò sì níṣẹ́ tó pọ̀. Ó ra ilé kékeré kan sí Twickenham létí odò Thames, ó sì ń fi ọdún dé ọdún sọ ọ́ di ààfin ayédèrú, ó ń mọ ilé ìṣọ́ kún un, ó ń fi fèrèsé aláràbarà sí i, kó ṣáà lè jọ ilé àwọn ará ìgbàanì. Strawberry Hill ni wọ́n ń pe ilé náà, ó wà níbẹ̀ di òní. Ó ní lóru ọjọ́ kan, òun lálàá pé òun wà nínú ààfin àtijọ́, òun gbójú sókè, òun sì rí ọwọ́ ràgàjì kan tó wọ ìbọ̀wọ́ irin lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Oṣù Kejìlá ọdún 1764 ni ìwé náà jáde, The Castle of Otranto, ẹ̀dà 500 péré. Kò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó parọ́ pé ìwé àtijọ́ ará Ítálì kan ni, pé ẹnì kan ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó rí i pé ọjà tà, ó yọjú nínú ẹ̀dà kejì lọ́dún 1765 pé òun lòun kọ ọ́, ó sì pè é ní ìtàn Gothic. Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ọmọ ọba fẹ́ gbéyàwó, àṣíborí irin tó tóbi ju ti èèyàn lọ já lulẹ̀ láti òkè, ó pa á láàárọ̀ ìgbéyàwó. Ìdààmú kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí ìtàn fi máa parí, a wá mọ̀ pé bàbá-ńlá ọba tó wà lórí oyè fi májèlé pa ẹni tó ni oyè ni, kó tó gun orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílùú tó ní ilé ọmọ ọba ju ẹyọ kan lọ, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìdí ìtàn Gothic nìyẹn, láti ìgbà yẹn títí di òní: ohun tí ìran kan rì mọ́lẹ̀ tó ń rú jáde lójú ọmọ-ọmọ. Òkú àti sàréè tí ẹ rí lórí fóònù, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ni. Ọ̀ràn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́ ni ìtàn náà ń lé kiri.

Ibẹ̀ ló sì ti kàn wá. William Beckford, tí ìwé rẹ̀ Vathek jáde lọ́dún 1786, owó oko ìrèké Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ẹrú ló ń gé ìrèké náà. Matthew Lewis kọ The Monk lọ́dún 1796, ìwé tó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà jogún oko méjì ní Jàmáíkà àti ọ̀pọ̀ ẹrú tó wà nínú wọn. Ó lọ wo oko náà. Nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́dún 1818, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa á sínú ọkọ̀, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sí òkun. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ilé ńlá tí egungun èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀, egungun wà lábẹ́ ilé tiwọn náà, egungun àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti etí òkun tiwa. Ẹ wo Dracula pẹ̀lú, èyí tí ẹ ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú fíìmù. Ọdún 1897 ni ìwé náà jáde. Ọlọ́lá kan láti ìlà-oòrùn Yúróòpù ra ilé sí London, ó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀jẹ̀ onílé. Lọ́dún 1897 yẹn kan náà, ní oṣù Kejì, ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Benin, ìlú tó bá Àkúrẹ́ tiwa wọlé wọ̀de láyé àtijọ́, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó ààfin rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀ káàkiri ayé ń jókòó ka ìwé lálẹ́ nípa àlejò tó máa wá wọ tiwọn. Irú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ yìí ń jiyàn lé lórí nìyí. Lójú tèmi, ọmọ Àkúrẹ́ ní ohun tó lè sọ níbẹ̀ tí ọmọ Manchester kò ní mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọmọ yín wà ní ibòmíràn. Ẹ ò sọ ohun tó fẹ́ kọ lé lórí, ṣùgbọ́n mo lè fọkàn rò ó: Fágúnwà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tiwa tó bá ti gbọ́ Gothic, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Kò burú. Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí lọ́dún 1903; ìwé rẹ̀ nípa Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, ìyẹn ni àwọn òyìnbó fi ń rí i kà. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ní igbó wà níbẹ̀, iwin wà, ẹ̀rù wà, nítorí náà Gothic ni. Èmi kò gbà, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé Walpole jẹ́ ará ìlú tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ iwin ti parí, pé ọ̀làjú ti lé òkú lọ. Bí iwin bá wá yọ sí irú wọn, àṣírí ńlá ló tú: ohun tí wọ́n ní kò sí mọ́ ṣì wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wọn ti ń wá. Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé Fágúnwà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó kó oògùn rẹ̀, ó wọ igbó lọ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ọdẹ ni. Nígbà tó bá iwin tó ń jẹ́ Agbákò pàdé, tó de fìlà irin, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, ẹ̀rù bà á, kì í ṣe pé kò bà á. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tó dúró tó béèrè bóyá irú nǹkan báyìí wà láyé. Ọ̀rọ̀ burúkú ni wọ́n sọ síra wọn, wọ́n sì wọ̀yá ìjà. Iwin inú ìwé Fágúnwà ní orúkọ, ó ní ibùgbé, ó ní ìwà tirẹ̀. Wọn kò sin ín sábẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ yín bá gbé Fágúnwà dé iwájú wọn tó ní Gothic Yorùbá rèé, àwọn kan á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí àlejò ṣe ń ra ère igi létí ọ̀nà, kò sì ní kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ibi tí bàtà náà kò ti bá ẹsẹ̀ mu ni kó lọ kọ̀wé lé lórí.

Ibi tó ti bá a mu náà wà, kí n má baà sọ àsọdùn. Helen Oyeyemi, tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó dàgbà sí London, kọ The Icarus Girl lọ́dún 2005, nípa ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìbejì rẹ̀ ti kú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ ìbejì mọ́ fún ọmọ, tí kò sẹ́ni tó gbẹ́ ère, ilé Gothic nìyẹn, nítorí ilẹ̀ méjì ló pàdé níbẹ̀ tí ọ̀kan kò gba èkejì gbọ́. Mo sì máa ń rò ó pé bí mo bá jẹ́ ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, Òkè Ìdànrè ni màá gbà lọ. Ẹ ó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ààfin Ọwá ṣì wà níbẹ̀, kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé òyìnbó wà níbẹ̀, ilé agogo wà, ojú oórì wà. Wọ́n á fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára àpáta, wọ́n á ní kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Láti ọdún 2007 ni ibẹ̀ ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún àgbáyé. Kóòtù òyìnbó tó dahoro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin tó dahoro: irú ẹjọ́ wo ni wọ́n dá níbẹ̀, ta ni wọ́n dá a fún, ta ni kò gbà títí dòní? Ìbéèrè Gothic gidi nìyẹn, kò sì nílò iwin kan.

Ti ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ náà kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, aláìgbàgbọ́ wà níbẹ̀. Kíkà nípa nǹkan kì í ṣe bíbọ ọ́. Ìtàn Sọ́ọ̀lù tó lọ bá obìnrin Éńdórì lóru pé kó bá òun pe Sámúẹ́lì sókè láti ipò òkú wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 28, gbogbo wa la kà á. Kódà ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Gothic tó lókìkí jù, Ann Radcliffe, kì í jẹ́ kí iwin jẹ́ iwin nínú ìwé rẹ̀: bí ìtàn bá ń parí, á wá hàn pé èèyàn ló ń kùn nínú yàrá, pé ère tí wọ́n fi ìda mọ ni ohun tí wọ́n pè ní òkú. Mo mọ̀ pé pásítọ̀ mìíràn wà tó máa ní kí ọmọ má fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, n kò sì ní dá ẹjọ́ yẹn. Ìgbà wo lẹ ti gbọ́ pé ìwà ọmọ yín yí padà, tó ń sá fún ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń jáde lóru? Bí kò bá sí, ìwé ló ń kà.

Ó wá ku owó. Owó ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kò tó ti olùkọ́ àgbà, ohun tó sì hàn jù tí wọ́n ń fún èèyàn dípò rẹ̀ ni jọ́nà wọn. Lójú ẹni tó ń gba owó ìtajà ní náírà, kò kéré. Káàdì báǹkì tiwa náà lè kọ̀ láti san owó òkèèrè, kí ẹ wá máa wá ẹni tó máa bá yín san án. Èyí tó ń jẹ owó gan-an ni ìrìn àjò. Owó físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fún èèyàn tàbí wọn ò fún un, ó ti lọ nìyẹn, wọn kì í dá a padà. Mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n gba bébà wọn wọlé, tí olùkọ́ wọn kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì já wọn sílẹ̀ ní ẹnu físà. Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má yá owó àjọ nítorí àpérò kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ yìí kò ní fún ọmọ yín níṣẹ́. Yunifásítì tiwa tó bá fẹ́ gba olùkọ́, oyè ọ̀mọ̀wé àti bébà tó ti tẹ̀ jáde ló ń béèrè, kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́. Ohun tó lè rí níbẹ̀ ni àwọn tó máa ka iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó mú, tí wọ́n á sọ fún un pé èyí ti wà tẹ́lẹ̀, èyí kò tíì sí. Àti orúkọ àwọn tó lè kọ lẹ́tà fún un lọ́jọ́ iwájú bó bá fẹ́ lọ ṣe Píéèdì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ yìí, bíi Manchester tàbí Stirling. Fún ẹni tó fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ó tó nǹkan. Ẹni tó fẹ́ gba máásítà kó sì wá iṣẹ́ sí báǹkì, kò kàn án.

Ẹ kíyè sára fún ohun mìíràn, torí ó ti mú ọ̀pọ̀ olùkọ́ tiwa: àwọn àpérò ayédèrú. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á ní àwọn ti ka iṣẹ́ ńlá rẹ̀, àpérò wà ní Dubai tàbí London, kó sanwó kí ọjọ́ tó kọjá. Àpérò gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kúkúrú, tí kì í sábà ju ojú ewé kan lọ, ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, kí ọmọ sọ ohun tó fẹ́ wí. Wọ́n á kà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n á gba òmíràn, wọ́n á kọ òmíràn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá gbà á ni ọ̀rọ̀ owó ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé àkáǹtì ènìyàn kan ni wọ́n ní kí ẹ sanwó sí, ẹ sá. Kí ọmọ yín rí i dájú pé ojúlé ẹgbẹ́ náà gan-an lòun ń sanwó sí, kì í ṣe ti ẹni tó jí orúkọ wọn lò.

Bí mo bá wà ní ipò yín, n kò ní san owó ìrìn àjò lọ́dún yìí rárá. Láti ìgbà kòrónà, ọ̀pọ̀ àpérò ló ń jẹ́ kí èèyàn ka bébà rẹ̀ láti ilé. Ó lè jókòó sí Àkùngbá kó kà á, bí iná bá wà. Owó ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san, ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí, kó sì jẹ́ pé ó ti ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ pè é wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, kó jókòó, kó ṣàlàyé bébà náà fún yín ní Yorùbá, láìsí Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú rẹ̀ àfi orúkọ ìwé. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ sọ tí ẹnì kan kò tíì sọ. Bí ó bá ṣàlàyé rẹ̀ títí tí ó fi yé yín, tí ẹ̀yin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn, ẹ fún un lówó náà. Bí ó bá ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ẹ ní kó padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ tún un ṣe, kí owó yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.